Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìkòkò òdòdó Imari: ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Níwọ̀n bí ẹni tí ó jìn sí kòtò ti ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba tí ẹ fẹ́ràn tánganran àtayébáyé gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń ta ìkòkò òdòdó ilẹ̀ Japan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pọ́ùn 640 ni mo san fún méjì tí ó jọra, tí ó sọ pé Imari ni wọ́n, pé nǹkan bí ọdún 1700 ni wọ́n mọ wọ́n. Irọ́ ni.

Orúkọ Imari, irú tánganran ilẹ̀ Japan kan, kì í ṣe orúkọ kékeré. Ìlú Arita, ní erékùṣù Kyushu, ni wọ́n ti ń mọ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Èbúté Imari ni wọ́n ti ń kó o sínú ọkọ̀, àwọn Dọ́ọ̀ṣì sì ń kó o dé Yúróòpù. Àwọ̀ aró, pupa àti wúrà rẹ̀ ni ó ń fa ojú olùrà, ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ti fara wé e láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ará Derby ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú sì ṣe tiwọn, nítorí náà ọnà ara ìkòkò nìkan kò lè jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ mi, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ọ̀kan. Àwọ̀ ilẹ̀ tí ó wà ní etí ìdí rẹ̀, tí mo rò pé ọjọ́ pípẹ́ ni ó fà á, bọ́ sára aṣọ ìnuwọ́ bí omi tíì. Etí ìdí ìkòkò tí ó ti jókòó sórí pẹpẹ fún igba ọdún a máa jọ̀lọ̀ níbi kan ju ibòmíràn lọ, ìdọ̀tí tí ó sì ti wọ inú amọ̀ rẹ̀ kì í bá ọṣẹ lọ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni èékánná mi kọ́ ibì kan ní àárín ìdí náà, tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ pọ́ùn kan lọ, tí kò sì dán bí ìyókù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí a fi ń yẹ owó bébà wò sí i: ibẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀, nítorí pé ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi bò ó. Mo fi òwú àti omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná pa á, lẹ́tà pupa mẹ́ta sì yọ, P, A àti N, èyí tí ó kù lára JAPAN tí wọ́n ti ha.

Òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti ọdún 1890 ni ó pàṣẹ pé kí ọjà tí ó bá wọ ilẹ̀ náà láti 1891 ní orúkọ ilẹ̀ tí ó ti wá lára. “Nippon” ni àwọn ilé iṣẹ́ Japan kọ́kọ́ ń kọ, kí Amẹ́ríkà tó ní kí wọ́n máa kọ “Japan” ní 1921. Kò sí bí ìkòkò ọdún 1700 ṣe lè ní irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ sá fún èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ojúlówó Arita ni kò ní. Ibi tí a ha, tí a sì kùn, ni ẹ̀rí.

Ọkùnrin náà kọ̀ láti gba káàdì. Ó ní òun kì í ṣe oníṣòwò, ogún ẹ̀gbọ́n ìyá òun tí ó di olóògbé ni òun ń tà, kí n fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì. Àwọn méjì mìíràn tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ olóògbé yìí kan náà ni wọ́n gbọ́. Ó mọ ohun tí ó ń ṣe: ẹni tí ó bá fi káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó ra ohun tí iye rẹ̀ ju pọ́ùn 100 lọ, tí kò kọjá 30,000, lè béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ báńkì lábẹ́ Abala 75 òfin owó yíyá ti ọdún 1974, ẹni tí ó sì rajà lọ́wọ́ oníṣòwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Ẹ̀tọ́ méjèèjì ni ó fi ọgbọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Bí ó bá fi ìkòkò lọ̀ yín, ẹ ní kí ó ya fọ́tò ìdí rẹ̀ ní ojúmọmọ. Èyí tí ó fi ránṣẹ́ sí mi ṣókùnkùn, mo sì gbójú fò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà, ẹ má pa ọ̀dà náà rẹ́ bí mo ti ṣe. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe Citizens Advice, àjọ tí ń gba aráàlú nímọ̀ràn, tí ó ń gbé irú ẹ̀sùn báyìí dé ọ̀dọ̀ Trading Standards, àwọn aláṣẹ tí ń bójú tó òfin òwò. Mo ti fi tèmi sùn. Ìkòkò kejì ṣì wà nílé, n kò sì tíì fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.