Mouton Rothschild àti Romanée-Conti: Ìgò Wo Ló Lẹ́wà Jù?

Láti ọdún 1945 ni Château Mouton Rothschild, ní ẹkùn Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, ti ń fi òkè ìwé ara ìgò wáìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ayàwòrán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lọ́dọọdún. Àwòrán Picasso ni ó wà lára ti ọdún 1973. Èjìká ìgò Bordeaux ga, ara rẹ̀ sì nà gbọọrọ, nítorí náà àwòrán náà rí àyè tẹ́ sí dáadáa, ó sì ń fa ojú ẹni láti òkèèrè.

Ìgò wáìnì Romanée-Conti láti ẹkùn Burgundy, ní ilẹ̀ Faransé bákan náà, kò ní àwòrán kankan. Èjìká ìgò náà rọra dà wálẹ̀ láti ọrùn, ìwé funfun sì wà lára rẹ̀ tí a kọ orúkọ ọgbà àjàrà, ọdún ìkórè, iye ìgò tí ìkórè náà mú wá, nọ́ńbà ìgò náà gan-an àti ìbuwọ́lùwé sí.

Èyí ni èmi yàn. Mouton lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayàwòrán ni ó gba ìyìn níbẹ̀; nọ́ńbà kékeré ara Romanée-Conti, ní tirẹ̀, ń sọ fún ẹni tí ó dì í mú pé ìgò yìí kò ní ẹlẹ́gbẹ́.