Xeon E-2314 tàbí E-2336: èwo ni ká rà?

Ọpọlọ (processor) sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ní ọ́fíìsì, ni méjèèjì. Ọdún 2021 ni Intel gbé wọn jáde, ojú ihò (socket) kan náà ni wọ́n ń wọ̀, 128GB RAM sì ni òpin tí wọ́n lè gbà. Core, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ náà, 4 ni E-2314 ní. E-2336 ní 6, ó sì ń dá iṣẹ́ 12 mú pọ̀.

Bó bá jẹ́ fáìlì àti ìṣirò ọjà lásán ni ọ́fíìsì yín ń lò, E-2314 ti tó. Ẹ fi owó tó kù ra SSD (dísíìkì ìpamọ́ fáìlì tó yára), ibẹ̀ gan-an ni ìyára wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pín sáfà kan ṣoṣo sí mẹ́ta, E-2336 ni o, mi ò ṣiyèméjì. 65W ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì fún iná tí wọ́n ń jẹ. Core E-2336 tó pọ̀ jù náà ò ní mú owó Windows Server, ètò Microsoft tó ń darí sáfà, lé sí i: core 16 ni Microsoft ń gbowó lé, ó kéré tán.