Mo lọ gbin eyín sẹ́nu n'Ìbàdàn: ẹ sọ ọ̀rọ̀ èjí yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀

Ẹnu ni mo fi ń jẹun, lọ́nà méjèèjì. Alága ìjókòó ni mí, ọdún kọkàndínlógún nìyí tí mo ti ń jókòó fún ẹbí ìyàwó níbi ìdána, láti Ìbàdàn títí dé Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìparí ọdún 2022, ọ̀kadà gbé mi lulẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, mo fi ẹnu gbá títì, eyín iwájú lókè, ti apá ọ̀tún, sì kán mọ́ ìdí. Dókítà hú ìyókù. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ pe "Fẹ́mi" láìsí eyín iwájú lókè. Ètè ìsàlẹ̀ á wá ibi tí yóò fara tì, kò ní rí i, atẹ́gùn lásán ni yóò jáde. Wọ́n ṣe plétì fún mi, ìyẹn eyín orí ike pupa tí à ń kì bọ ẹnu láàárọ̀, tí à ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Mo lò ó fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ burú, àfi Sátidé ọjọ́ kan ní gbọ̀ngàn kan lápá Ring Road. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń ṣe yànga pé wọn ò tíì dọ̀bálẹ̀ tó, mo wá fi tagbáratagbára pariwo pé, "Ẹ fàyà lélẹ̀!" Plétì fò jáde lẹ́nu mi, ó balẹ̀ síwájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mú un láìdìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè fún mi bí ẹni ń gbé lẹ́tà ìtọrọ fún bàbá ìyàwó. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ìborùn bo ẹnu. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti wà níwájú dókítà eyín.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, ní Bódìjà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn níwájú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún mi. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní bridge: wọ́n á fá eyín tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àlàfo náà kéré, wọ́n á sì dé eyín mẹ́ta tó so pọ̀ lé wọn lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ parí, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní èjí. Èjí ìyá mi ni, ìyá tirẹ̀ náà ní in, òun sì ni àwọn onílù máa ń tìtorí rẹ̀ kì mí ní Eyínmẹ́nugún. Àárín eyín iwájú méjèèjì ni èjí ń gbé. Ẹ bá so wọ́n pọ̀, èjí ti rèwàlẹ̀ àsà nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni implant: wọ́n á gbin gbòǹgbò onírin sínú egungun, wọ́n á wá dé eyín lé e. Yóò dá dúró láyè ara rẹ̀, kò ní di ẹrù aládùúgbò kankan. Òun ni mo mú.

Ẹ má rò pé wọ́n á gbé yín lé àga lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n wo ìfúnpá mi, wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n bi mí bóyá mo ń mu sìgá, wọ́n ní kí n kó gbogbo oògùn tí mò ń lò wá. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra láìsí ìtọ́jú, tàbí tí kò lè fi sìgá sílẹ̀, ìdí gbòǹgbò náà kì í tètè múlẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kan yí orí mi ká, ó ya àwòrán egungun lọ́nà gbogbo. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé egungun ibi tí wọ́n bá ti hu eyín máa ń fà sẹ́yìn, pàápàá níwájú lókè níbi tó ti tín-ín-rín látilẹ̀. Tèmi kò nípọn tó mọ́. Wọ́n ní àwọn á fi lúbúlúbú egungun kún un. Mo ní egungun kí ni? Dókítà ní ti màlúù ni, pé wọ́n ti fọ gbogbo ohun abẹ̀mí kúrò lára rẹ̀. Mo ní ó dáa, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ màlúù, kó wá bá mi jẹun wàyí.

Ọ̀rọ̀ owó. Èmi tí mo máa ń gba owó ìlẹ̀kùn, owó ìyọjú, owó ìṣíbòrí lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, mo bá ọ̀gá mi pàdé níbẹ̀. 700,000 náírà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé mi, mo sì gbà pé ó ti parí. Ó di ọjọ́ kejì, lúbúlúbú egungun ní owó tirẹ̀, 150,000. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n ní eyín tó máa dé irin náà lórí kò sí nínú owó àkọ́kọ́, 250,000 mìíràn. Mo bi wọ́n pé kí ni mo wá fi irin nìkan ṣe lẹ́nu, ṣé mo fẹ́ fi so aṣọ ni? Wọ́n ní láti òkèèrè ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, dọ́là ló gbé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dọ́là kọ́ ló ní kí wọ́n má sọ fún mi. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé: irin, orí irin tí eyín ń jókòó lé, eyín, egungun, àwòrán, èló ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n gbin ín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹnu kú, lókè níwájú yẹn, omi bọ́ lójú mi. Àyà mi lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà ní oògùn tó wà nínú abẹ́rẹ́ ni, yóò rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀. Òun nìkan sì ni ìrora ọjọ́ náà. Bí a ṣe ń dúró kí ètè mi kú tán, ó ń fi ìtàn tù mí lára. Ó ní ará Sweden kan tó ń jẹ́ Brånemark ló ń ṣèwádìí lára ehoro ní 1952, ó ki irin titanium bọ egungun ẹsẹ̀ wọn; ìgbà tó fẹ́ yọ ọ́, irin ní òun ò lọ mọ́, egungun ti dì mọ́ ọn pinpin. Ní 1965 ló wá fi irú irin náà gbin eyín fún ènìyàn. Mo fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ṣe ehoro náà, ẹnu mi ti kú.

Ó fi irin náà hàn mí kó tó lò ó. Kò gùn ju èékánná ọmọńdinrín mi lọ, ara rẹ̀ lọ́ bíi ti bóòtù. Ó la ẹran ìdí eyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu egungun díẹ̀díẹ̀, omi tútù ń ṣàn sí i lọ́tùn-ún lósì. Ó ní egungun kò fẹ́ gbígbóná. Bó bá kọjá nǹkan bíi 47 lórí ìwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú kan, ó lè kú, irin ò sì ní rí ẹni dì mọ́. Kì í dunni, ṣùgbọ́n agbárí yín á máa gbọ̀n bí ẹni jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta. Àárín èyí ni NEPA ṣe tiwọn. Òkùnkùn biribiri, ẹ̀rọ dákẹ́ sí mi lẹ́nu. "Mọ́mì, ẹ má mira o," ni mò ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì tan iná fóònù, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bí aago mẹ́ta òru. Ilé ìwòsàn tó ń gba irú owó yẹn, tí kò ní inverter nínú yàrá iṣẹ́, máàkì kan ti lọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ kàn yí irin yẹn wọlé, ó rọra ń yí i. Ó da egungun màlúù sí ẹ̀gbẹ́, ó fi òwú ràn án. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan àtààbọ̀.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló nira. Ètè òkè mi wú bíi ti ẹni tí oyin ta. Píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín ni mo fi tọ́wẹ́ẹ̀lì wé, tí mò ń gbé lé e. Ẹ má tutọ́ pẹ̀lú ipá, ẹ má fi straw fa nǹkan mu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ má tilẹ̀ yọ ẹnu rárá, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Ògì tí wọ́n ti jẹ́ kó tutù ni oúnjẹ. Wọ́n tú òwú ní ọjọ́ kẹwàá. Sátidé méjì ni mo gbé fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ alága, ó sì gba oníbàárà mi kan lọ pátápátá. Bí ẹnu bá jẹ́ iṣẹ́ yín, ẹ fọgbọ́n mú ọjọ́.

Oṣù márùn-ún ni mo fi dúró kí egungun dì mọ́ irin. Plétì náà ni mo ṣì ń lò, wọ́n fá a kó má baà tẹ ojú ibẹ̀. Lóṣù Kẹjọ wọ́n ṣí i, wọ́n dé ìdérí kékeré lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fi nǹkan kan tó dà bí iyán tútù gba àpẹẹrẹ ẹnu mi. Èébì gbé mi. Àwọ̀ eyín ni wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wò, wọ́n ní kí n má kun ètè wá.

Ìgbà tí eyín dé láti Èkó, dókítà fi bóòtù rẹ̀ dè é, ó gbé díńgí fún mi. Mo wò. Eyín funfun báláú, ó bá èkejì mu rẹ́gí. Èjí ti lọ. Wọ́n ti rọ eyín náà fẹ̀ títí ó fi fara kan èkejì, bí ẹni fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé. Mo ṣí ẹnu, mo pa á, mo tún ṣí i. Èmi kọ́ nìyí. Dókítà náà ní, "Mọ́mì, ó tiẹ̀ rẹwà sí i." Mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ tọ́jú ẹwà yẹn. Yọ ọ́." Àṣé àwọn tó ń rọ eyín ní Èkó rí àlàfo nínú àpẹẹrẹ, wọ́n pè é ní àléébù, wọ́n bá mi tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì rò pé ó yẹ kí ènìyàn máa sọ pé kí wọ́n má jí èjí òun. Wọ́n fẹ́ gba owó àtúnṣe. Mo lọ sílé, mo gbé fótò ìgbéyàwó mi ti 1996 wá, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì wọn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, èjí padà sílé.

Báyìí, mò ń fi gé àgbàdo, mi ò kàn fi ṣí ìgò. Kò mọ tútù, kò mọ gbígbóná. Bí mo bá fi gé nǹkan, àfi bí ẹni fi èékánná kan tábìlì, mo kàn ń gbọ́ ọ nínú egungun. Kòkòrò ò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè wú kó sì jẹrà bí mi ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti òwú eyín ni, mo sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Pákò, eyín ẹ̀yìn ni mo fi ń rún un. Ọwọ́ dókítà yẹn dára, mo fún un ní márùn-ún nínú márùn-ún. Ilé ìwòsàn rẹ̀, mẹ́ta: ọ̀kan lọ fún iná, ọ̀kan lọ fún owó tí wọn ò sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Ti èjí, mo ti dárí jì wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo lọ fún àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ ya ẹ̀rín mi sí ara ògiri, kí àwọn aláìsàn mìíràn rí iṣẹ́ òun. Mo pa ẹnu dé. Mo ní alága kì í ṣí ẹnu lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìyọjú dà? Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lápò, mo kà á lójú rẹ̀, mo wá rẹ́rìn-ín.