Òṣùwọ̀n Ìgbóná Oníbọn àbí Onírin: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ ẹ Rà?

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Odogunyan, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Ikorodu, sábà máa ń bi mí pé: "Bọ̀dá, ṣé kí n ra tẹmọ́mítà tó dà bí ìbọn, àbí èyí tó nírin lẹ́nu?" Èmi náà á bi wọ́n padà: ṣé ojú nǹkan lẹ fẹ́ wọ̀n ni, àbí inú rẹ̀?

Bí onírin ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé èèyàn. Wáyà oríṣi méjì ni wọ́n so pọ̀ ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti gbóná, iná mànàmáná kékeré á jáde lára wọn, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kan nǹkan náà, kó sì dúró títí òun náà á fi gbóná tó o.

Oníbọn ò ní fara kan ohunkóhun. Gbogbo nǹkan, títí kan yìnyín, ló ń tú ìtànṣán infrared jáde, èyí tí ojú wa ò lè rí. William Herschel ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1800. Bí nǹkan bá ṣe ń gbóná sí i ni ìtànṣán náà ń pọ̀ sí i; lẹ́ńsì ẹnu ìbọn á kó o jọ, nọ́ńbà á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Iná pupa tó ń tàn kọ́ ló ń wọn ìgbóná o, ibi tẹ́ ẹ dojú ìbọn kọ ló ń júwe.

Torí náà, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ tó ń yí, pánẹ́ẹ̀lì tí iná wà lára rẹ̀, páìpù tó wà lókè àjà: oníbọn ni. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ki irin bọ ibi tí iná ń gbà kọjá. Kí onírin tó wọn mọ́tọ̀ mẹ́ta, oníbọn á ti yí gbogbo ilé iṣẹ́ ká. Àmọ́ ẹni tó ń yan búrẹ́dì, tàbí tó ń tọ́jú ẹja sínú kóòdù rúùmù, onírin ni kó kọ́kọ́ rà. Èèpo búrẹ́dì lè ti gbóná kọjá ààlà kí inú rẹ̀ má tíì jinná, ìbọn ò sì lè rí inú.

Ibi tí oníbọn ti ń tanni jẹ ni irin tó ń dán. Nílé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo nà án sí páìpù oru omi tó ń kọ mànà, ó sọ pé 47 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́wọ́ lé e, ọwọ́ rẹ̀ bó, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Irin tó ń dán kì í tú ìtànṣán tirẹ̀ jáde dáadáa, ti àyíká rẹ̀ ló ń dá padà. Emissivity ni wọ́n ń pe ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tú ìtànṣán tirẹ̀ jáde tó: ọ̀dà, rọ́bà àti igi súnmọ́ 0.95, alumíníọ́mù tó ń dán ò tó 0.1. Ẹ ra èyí tẹ́ ẹ lè yí emissivity rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kun ọ̀dà dúdú tí kò dán, tó lè fara da ooru, sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ máa wọ̀n.

Ẹ wo 12:1 tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá dúró ní ínǹṣì 12, ojú ibi tó máa wọ̀n fẹ̀ tó ínǹṣì 1. Tẹ́ ẹ bá jìnnà jù, á da ìgbóná ògiri mọ́ ti mọ́tọ̀. Gíláàsì, oru àti eruku náà ń dí i lójú.

Ìbọn funfun ìgbà kòrónà ò wúlò níbí, ìgbóná ara èèyàn nìkan ló mọ̀. Èyí tó lè wọn ìgbóná dé 550 tó fún oníná àti mẹkáníìkì. Iléru tó ń yọ́ irin ń lọ sí bíi 1,500, tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, owó rẹ̀ náà yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ da yìnyín wẹ́wẹ́ àti omi sínú ife, ẹ rò ó dáadáa, kẹ́ ẹ na ìbọn sí i láti òkè, nítòsí. Ó yẹ kó súnmọ́ òdo, kó má fi ju 2 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tó bá sọ pé 6, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á.