Amọ̀, Oògùn Olómi, àbí Compound: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Láti Yọ Àbàwọ́n Ọ̀dà Lára Ọkọ̀?

Ọ̀dà àjèjì tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kì í sábà ba ọkọ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ló máa ń bà á jẹ́. Lórí irin ọkọ̀ òde òní, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà àwọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, lókè pátápátá sì ni ìpele kan tó mọ́ gaara tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń pè ní clear. Nínú ọkọ̀ tí kò tíì kúrò ní ọ̀dà ilé-iṣẹ́, gbogbo wọn lápapọ̀ sábà máa ń nípọn tó micron 100 sí 180 (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), clear nìkan sì tó nǹkan bí 40 sí 60. Bébà ìkọ̀wé lásán nípọn tó micron 100, nítorí náà clear ọkọ̀ yín kò tó bébà. Ohunkóhun tó bá ń họ nǹkan ń bù nínú rẹ̀, èyí tó bá sì lọ kò ní padà wá àfi tí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà kùn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ ra èyí tó rọ̀ jù lọ tó sì ká iṣẹ́ náà, kí ẹ má sáré sí èyí tí páálí rẹ̀ ń fọ́nnu agbára.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn

Ọ̀pọ̀ ló ń ra oògùn kí wọ́n tó mọ àìsàn. Irú àbàwọ́n mẹ́rin ló wọ́pọ̀, ohun tó ń yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà tí atẹ́gùn gbé wá nígbà tí ẹnìkan ń fín ọ̀dà nítòsí. Ojú lè má rí i, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ sínú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rọra. Bó bá ń ṣe ṣákaṣàka bíi ẹni fọwọ́ pa iyanrìn, òun nìyẹn. Èkejì ni ọ̀dà tó ràn mọ́ ọn nígbà tí ọkọ̀ mìíràn tàbí òpó kan fara gbún un. Ẹ fi èékánná gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èékánná bá yọ̀ lórí rẹ̀, tàbí tó bá gun ohun tó yọ sókè, ó ṣeé yọ. Bó bá há sínú kòtò, clear ti gé, kò sì sí ohun tí ẹ máa rà nínú ìwọ̀nyí tó máa dí kòtò náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà ojú títì, èyí tí wọ́n fi ń fa ìlà sójú títì, tó máa ń fọ́n sí ẹ̀yìn táyà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Èyí gba ìṣọ́ra púpọ̀, torí pé wọ́n máa ń da hóró gíláàsì wẹ́wẹ́ sí i kó lè máa tan ìmọ́lẹ̀ padà lóru. Bí ẹ bá ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún, hóró yẹn ni ẹ ń fi ha ọkọ̀ yín. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dà tó dà sí i tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fín sí i.

Ọjọ́ orí àbàwọ́n náà ṣe pàtàkì bí irú rẹ̀. Ọ̀dà olómi, ìyẹn èyí tí wọ́n fi omi pò, tí kò tíì gbẹ, ìbáà jẹ́ ti ilé tàbí ti ojú títì, omi gbígbóná díẹ̀ àti ṣanpú ọkọ̀ lè mú un kúrò pátápátá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ronú ọjà rírà.

Amọ̀ ọkọ̀ àti ìbọ̀wọ́ amọ̀

Fún ọ̀dà tí atẹ́gùn gbé wá, amọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní clay bar ni a máa kọ́kọ́ yàn láìṣe méjì. Kì í yọ́ ọ̀dà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ họ clear. Ohun tó bá yọ sókè lórí rẹ̀ ló ń rẹ́ kúrò. Wọ́n sábà ń tà á ní gírámù 100 sí 200. Ẹ gé nǹkan bí gírámù 50, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó gbòòrò tó ìka mẹ́ta. Ẹ fín omi amọ̀, ìyẹn omi tó ń mú kí amọ̀ máa yọ̀ lórí ọkọ̀, sí ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú àti lóròó, kó tutù dáadáa, kí ẹ wá máa fà á lọ fà á bọ̀ ní ìlà tààrà. Ẹ má ṣe é róbótó, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ máa gbọ́ tó ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dákẹ́, tó sì ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ ṣẹ́ amọ̀ náà po kí ojú tó mọ́ bọ́ síta, kí ẹ lọ sí ibòmíràn.

Ohun méjì ló ń sọ amọ̀ di ọ̀tá ọkọ̀. Bí omi bá tán lábẹ́ rẹ̀, ó máa lẹ̀, ó sì máa fi ilà sílẹ̀. Bó bá sì jábọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni, nítorí iyanrìn tó kó kò ní jáde mọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ dípò kí ẹ lo odindi.

Ìbọ̀wọ́ amọ̀, èyí tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ ojú rẹ̀, yá ju ìyẹn lọ dáadáa. Bó bá jábọ́, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ọ̀dà fọ́n sí gbogbo ara ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tó ní ju ọkọ̀ kan lọ, òun ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ dúdú ó máa ń fi ìrí bàìbàì sílẹ̀ ju amọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, kì í sì í wọ igun dáadáa. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi nu gíláàsì ọkọ̀ kí ojú rẹ̀ lè rọ̀.

Nínú amọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó rọ̀ wà, èyí tó le wà. Ẹ ra èyí tó rọ̀. Èyí tó le máa ń sọ ara ọkọ̀ di bàìbàì, ẹ ó sì tún ra pọ́líìṣì láti tún un ṣe, tí ìnáwó fi máa di méjì.

Àwọn oògùn olómi

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà ni ewu wà jù. Kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ mọ èyí: ọ̀dà alápòpọ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n fi nǹkan amúnile pò kí wọ́n tó fín in, kì í yọ́ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti le tán. Ó ti so mọ́ ara rẹ̀, kì í wulẹ̀ ṣe pé omi inú rẹ̀ gbẹ. Oògùn tó bá lágbára débi tó máa mú un lára ọkọ̀ yín máa mú clear yín náà, torí pé irú kan náà ni wọ́n. Amọ̀ ni ẹ máa lò fún irú èyí.

Fún ọ̀dà olómi tó ti gbẹ díẹ̀, isopropyl alcohol ló rọ̀ jù. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 70%, kí ẹ pò ó ní ìpín kan sí omi ìpín méjì fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi rin aṣọ microfiber, ẹ gbé e lé àbàwọ́n náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ wá nù ún láìtẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀dà bá ràn mọ́ aṣọ, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ yí aṣọ sí ojú tó mọ́, kí ẹ tún un ṣe.

Fún ọ̀dà olóròóró tí kò tíì pẹ́, àti àbàwọ́n rọ́bà tàbí ike láti ara bọ́ńpà ọkọ̀ mìíràn, ẹ máa yàn láàárín white spirit (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóròóró) àti oògùn tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà títì dúdú (tar, kì í ṣe ọ̀dà ìlà ojú títì) lára ọkọ̀. White spirit ń ṣe iṣẹ́ ilé mìíràn, kì í sì í ba clear tó ti le dáadáa jẹ́ bí kò bá pẹ́ lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ṣanpú fọ ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Oògùn yíyọ ọ̀dà títì ti wà fún ara ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Tí páálí rẹ̀ bá sọ pé kò ní ṣe clear ní nǹkan, òun la máa rà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó pamọ́, bíi etí inú ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ nitrile. Ẹ ṣe é lábẹ́ òjìji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí iná kò sì sí nítòsí.

Tínà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń mú ọ̀dà kúrò kíá. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi ooru yan lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tún kùn pẹ̀lú ọ̀dà tí kò ní amúnile máa yọ́ lójú yín. Ike iná iwájú máa sán wẹ́wẹ́, kò sì ní mọ́ gaara mọ́. Olùrà kì í sábà mọ pánẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n ti tún kùn rí. Ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni acetone. Bẹntiróò kò yẹ kó wọ inú ọ̀rọ̀ rárá, iná ni.

Compound àti pọ́líìṣì

Bí ọ̀dà ọkọ̀ mìíràn bá ràn mọ́ tiyín, tí oògùn kò mú un, compound ló kàn. Ìpara ni, hóró tó kúnná ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń họ clear díẹ̀díẹ̀. Pọ́líìṣì jẹ́ àbúrò rẹ̀: hóró rẹ̀ kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, dídán ló ń dá padà ju kó yọ àbàwọ́n lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́líìṣì. Àbàwọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa lọ, compound ò sì ní wúlò mọ́.

Tó bá jẹ́ àbàwọ́n kan tàbí méjì, ọwọ́ ti tó. Ẹ kán ìwọ̀n hóró ẹ̀wà méjì sórí tìmùtìmù tàbí microfiber, ẹ fi pa ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà tààrà, ẹ nù ún, ẹ wò ó. Ẹ fi téèpù bo ike dúdú tí kò lọ́dà, torí compound tó bá wọnú rẹ̀ máa funfun, kì í sì í tètè jáde.

Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, kó ra èyí tó ń yí tó sì ń mì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní dual action. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí rẹ̀ máa dúró, ooru kò sì ní kó jọ. Ẹ̀rọ kejì, rotary, ń yí lójú kan náà láìdúró. Ó yá, ṣùgbọ́n ó lè jó clear etí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, etí sì ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Àwọn tó ń fi í jẹun ni kó máa lò ó.

Ẹ máa wo aṣọ yín nígbà gbogbo. Bí àwọ̀ ọkọ̀ yín gan-an bá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mọ́ aṣọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀: clear ti tán níbẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní clear láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni èyí kò ṣe nǹkan kan fún. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìnípọn ọ̀dà wúlò fún ẹni tó máa ṣe é léraléra, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ kì í ka nǹkan lórí bọ́ńpà ike.

Sáńpépà 2000 tàbí 3000 (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe kúnná tó) tí wọ́n fi omi lò wà lóòótọ́. Ẹni tí kò tíì fi kọ́ṣẹ́ lórí pánẹ́ẹ̀lì àlòkù kò gbọ́dọ̀ rà á.

Bákan náà, ẹ má fi kànìnkànìn funfun tí wọ́n fi ń yọ àmì lára ògiri kan ọkọ̀. Bó ṣe rọ̀ lọ́wọ́ tó yẹn, sáńpépà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín náà ń họ, kò sì sẹ́ni tó mọ bí hóró rẹ̀ ṣe tó. Abẹ irin wà fún gíláàsì nìkan. Abẹ ike tó ní omi ọṣẹ lábẹ́ lè gbé ọ̀dà tó nípọn tó dà sílẹ̀ kúrò lára ọkọ̀.

Tí owó bá tó fún ọjà díẹ̀ péré

Ẹ ra amọ̀ tó rọ̀, ṣanpú tí kò le, microfiber tó pọ̀, àti pọ́líìṣì kan. Wọ́n á ká èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà sókè yìí. Oògùn yíyọ ọ̀dà títì tẹ̀lé e, compound gbẹ̀yìn. Ẹ má gbàgbé wax, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń bo ara ọkọ̀, torí amọ̀, oògùn àti compound ló ń ṣí ààbò tó wà lórí clear. Ibi tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́, ẹ fi wax bò ó lọ́jọ́ kan náà.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn kò tíì le tán, oògùn olómi lè rọ̀ ọ́. Ẹ bi ẹni tó kùn ún léèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ó máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ kì í dán láti ilé-iṣẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ rí kújú, kì í gba amọ̀, pọ́líìṣì, compound tàbí wax. Gbogbo wọn ló máa fi ojú kan tó ń dán sílẹ̀ láàárín rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa sọ ọ́ di kújú padà. Ṣanpú àti oògùn tí wọ́n kọ orúkọ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sí lára nìkan ni kó kàn án.