Mo tún wo The Battle of Algiers

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀sùn: funfun ni lẹ́tà tí wọ́n fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ àwo fíìmù tí mo rà yìí, ògiri Casbah, àdúgbò àtijọ́ ní Algiers, olú ìlú Algeria, náà sì funfun. Ojú mi rí màbo!

Fíìmù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe kékeré. Gillo Pontecorvo, ará Ítálì, ló darí rẹ̀ ní 1966, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Algeria gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Saadi Yacef, ọ̀kan lára àwọn tó léwájú ìjà náà ní Algiers, wà lára àwọn tó ṣeré.

Ibi tí mo dá dúró tí mo tún wò ni ibi táwọn obìnrin mẹ́ta lára àwọn ajìjàgbara ti ń múra níwájú dígí. Ọ̀kan ń gé irun, ọ̀kan ń pa á láró. Ìlù ló ń dún ṣáá. Nígbà tí ọ̀kan gbé bọ́ǹbù wọ ilé ìpanu, ó ń wojú àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọdé tó ń lá áísìkirímù. Mo gbójú kúrò.

Àwọn kan ní fíìmù yìí ń gbè sẹ́yìn àwọn ajìjàgbara. Àwọn mìíràn ní ó pọ́n Ọ̀gágun Mathieu, tó ń darí àwọn ọmọ ogun Faransé nínú fíìmù náà, lé jù. Èmi ò gbà. Orin ọ̀fọ̀ kan náà ni wọ́n fi sunkún òkú ìhà méjèèjì. Àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, Pentagon, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, náà sì ṣàfihàn rẹ̀ ní 2003!

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn obìnrin yẹn kò sọ̀rọ̀ tó. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwo náà, méjì.