Ẹ má ra kẹ̀kẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́tùlù

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i, orúnkún ni mo sì fi balẹ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ tí ẹ ó máa gùn dé ilé wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí kẹ̀kẹ́ inú àwọn ilé ìtajà ńlá wọ̀nyẹn, níbi tí kẹ̀kẹ́, kẹ́tùlù, àga ọgbà àti ìbọ̀sẹ̀ ti jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Mi ò ní dárúkọ ilé ìtajà náà o, ọ̀rọ̀ wa ò tíì parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní Manchester tí ẹ rí kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó ní ìlà aláwọ̀ ewé, tó ní sípíríìnì níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n kọ "gíà 18" gàdàgbà sí lára, pọ́n-ùn 149, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ìyá tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé dìde láàárọ̀ gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ ní aago méje, ilé rẹ̀ sì wà níbi tí bọ́ọ̀sì kì í tètè dé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ní mọ́tò ni ọ́fíìsì ń kó iṣẹ́ fún. Èmi tí mi ò ní, wọ́n á fún mi ní díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lálẹ́, àárín rẹ̀ á wá ṣófo. Ni mo bá ní kí n ra kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa pariwo "Cycle to Work, Cycle to Work". Ètò yẹn dára, ó ti wà láti 1999. Ilé iṣẹ́ rẹ á gba kẹ̀kẹ́ fún ọ, wọ́n á sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ débi pé owó rẹ á wálẹ̀ kọjá iye tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹni tó jẹ́ pé iye tó kéré jù yẹn gan-an ló ń gbà ńkọ́? Mo béèrè ní ọ́fíìsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

Òótọ́ ni pé mo kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ gidi. Èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù níbẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 380, kò ní sípíríìnì kankan, gíà rẹ̀ ò ju 8 lọ. Mo ní, èwo ni ti gíà 8? Gíà 18 àti sípíríìnì méjì wà lápá ibòmíràn ní 149! Ta ni nínú yín tí kò ní ṣe ohun tí mo ṣe? Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé ní ojú kòkòrò ló bá mi jà. Kì í ṣe ojú kòkòrò o. Ìṣirò ni. Ìṣirò náà ni kò bọ́ sí i.

Ọmọkùnrin kan tó ń to àga oníke ni wọ́n pè pé kó wá bá mi to kẹ̀kẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àga oníke. Pọ́n-ùn 20 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún títò, lórí 149 o. Ó fi ọ̀bẹ la páálí, ó fa kẹ̀kẹ́ jáde, ó ṣí ìwé ìtọ́ni wò, ó pa á dé. Mo dúró tì í. Mo rí i bó ṣe fi sípánà ń yí pẹ́dà òsì, tí pẹ́dà ń kọ̀, tí irin ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, tó wá gbé gbogbo ara lé sípánà títí ó fi wọlé. Mo rí i! Mo bi í pé ṣé kò sí wàhálà. Ó ní kò sí, pé kẹ̀kẹ́ tuntun máa ń le ni. Kí ni n bá tún sọ? Ṣé èmi ni wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀ ni?

Ohun tó tún wá ń dùn mí jù ni pé mo ya fọ́tò. Mo fọwọ́ lé ìjókòó rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e sí sítátọ́ọ̀sì. Àdúrà rọ̀ bí òjò. "Ẹ̀mí á lò ó." "Mọ́tò ló kàn o." Ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́, ó kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kẹ̀kẹ́ ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.

Láti ọjọ́ tí mo gbé e délé ló ti ń ṣe ségesège. Bí mo bá fẹ́ yà, orí bàtà mi á máa kan táyà iwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fà sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀. Bíréèkì iwájú kọjú sí mi, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe tìgbàlódé nìyẹn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Raleigh bàbá bàbá mi ni mo fi kọ́ kẹ̀kẹ́ ní Ìdànrè. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fa bíréèkì rẹ̀, kò sí okùn irin tí wọ́n ń pè ní kéébù, kò sí gíà, sípíríìnì tó ní ò kọjá abẹ́ ìjókòó. Nottingham, nílẹ̀ yìí kan náà, ni wọ́n ti ṣe é. Ó ru kòkó, ó gbé bàbá, ó tún gbé àwa ọmọ mọ́ ọn, pẹ́dà rẹ̀ ò já rí! Níbo ni n bá ti mọ̀ pé wọ́n lè ta kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n to orí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn fún èèyàn nílẹ̀ aláwọ̀ funfun, kí wọ́n tún já rìsíìtì lé e?

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iná ojú títì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí ewé ni. Mo dìde lórí ìjókòó kí n lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí kẹ̀kẹ́ náà wúwo. Pẹ́dà òsì já kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀, irin gbá mi léegun ojúgun, orúnkún balẹ̀, ọwọ́ tẹ̀lé e. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi tẹ bíréèkì, ó dún wàá. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ èyí fún yín. Pẹ́dà yí gbirigbiri lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì dìde lọ ṣa á níwájú gbogbo èèyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ṣòkòtò iṣẹ́ mi ti la lórúnkún. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà dé ilé ìyá yẹn. Oògùn pẹ́. Ọ́fíìsì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pẹ́. Wọn ò kọ pẹ́dà sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ fojú di ni mo padà gbé e lọ. Ọkùnrin náà ò bú mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú tì mí. Ó gba pẹ́dà lọ́wọ́ mi, ó fi àkísà nu ìdí irin rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Lẹ́tà R wà níbẹ̀, kékeré, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin. Pẹ́dà ọ̀tún ni wọ́n tẹ̀ bọ òsì! Ṣé ẹ mọ̀ pé tíréèdì méjèèjì, ìyẹn ìlà tó yí irin pẹ́dà po, ò dọ́gba? Ti ọ̀tún máa ń le bí èèyàn bá yí i lọ sí ibi tí ọwọ́ aago ń lọ, bí bọ́tù gbogbo. Ti òsì, òdìkejì ni, kí gígùn má baà máa tú u. Bí wọ́n bá wá fi tipátipá ti ọ̀kan wọ ihò èkejì, tíréèdì inú apá irin tó di pẹ́dà mú á jẹ tán, á kàn dì í mú fẹ́ẹ́ di ọjọ́ tí yóò tú. Èyí tí wọ́n tì sí apá ọ̀tún náà ti ń mì.

Fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di wíìlì iwájú mú, kọ ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí bàtà mi fi ń kan táyà tí bíréèkì sì ń wò mí lójú. Ó yí wíìlì, wíìlì ń jó. Ó tú ìdí rẹ̀, gíríìsì tó wà níbẹ̀ ò tó fi pa ètè. Sípíríìnì tí mo torí rẹ̀ rà á? Ó ní agbára ẹsẹ̀ mi ló ń jẹ, pé lórí ọ̀dà kò wúlò fún nǹkankan ju pé ó ń dá kún ìwúwo lọ. Ó ṣírò owó àtúnṣe fún mi, ó sún mọ́ iye tí mo fi ra kẹ̀kẹ́. Mo ní kó bá mi kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú.

Mo wá gbé e padà sí ilé ìtajà. Mánéjà ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní mo ti gùn ún, ó ti di àlòkù. Kí ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe, ṣé wọ́n ń sè é jẹ ni? Ó ní bóyá mo fi fò lórí òkè. Èmi, pẹ̀lú aṣọ kíà lọ́rùn! Ó tún béèrè pé páálí rẹ̀ dà. Páálí! Yàrá kan ni mo ń gbé, níbo ni n ó gbé páálí kẹ̀kẹ́ sí, ṣé kí n tẹ́ ẹ sùn ni? Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà, Consumer Rights Act 2015, bí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tí kò rí bó ṣe yẹ kó rí, o ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kí wọ́n sì san gbogbo owó rẹ fún ọ. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, àǹfààní ṣì wà kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó kan páálí níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí orílé-iṣẹ́ wọn. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àwọn ni wọ́n tò ó! Wọ́n gba pọ́n-ùn 20 kí wọ́n tó tò ó! Wọn ò tilẹ̀ fi agogo sí i, bẹ́ẹ̀ òfin ti ọdún 2010 lórí títa kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ yìí ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá tò tà gbọ́dọ̀ ní agogo.

Ẹ má sì rò pé mo wá ń polówó àwọn oníkẹ̀kẹ́. Oníṣòwò ni gbogbo wọn. Ọkùnrin tó ṣàánú mi yẹn, kí n tó jáde ó ti fi kẹ̀kẹ́ pọ́n-ùn 900 hàn mí, ó ní kí n kàn gbé e wò bó ṣe fúyẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa náà ní òun ní àlòkù tó mọ́, 80 péré. Mo béèrè rìsíìtì, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo béèrè nọ́ńbà tó wà lábẹ́ irin rẹ̀ kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, ìkànnì tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, bóyá wọ́n jí i. Láti ìgbà yẹn kò gbé ìpè mi mọ́. Ta ni kéèyàn wá gbára lé?

Èyí tó bá wúlò fún yín, ẹ mú un. Kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo ìdí pẹ́dà: R sọ́tùn-ún, L sósì. Ẹ wo fọ́ọ̀kì, kó kọjú síwájú. Ẹ gbé wíìlì sókè kí ẹ yí i, kò gbọ́dọ̀ jó. Bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ni ti iwájú nílẹ̀ yìí. Ẹ gùn ún wò. Ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kí ẹ gùn ún, ẹ máa lọ. Oníkẹ̀kẹ́ gidi á wo gígùn ẹsẹ̀ yín kó tó mú kẹ̀kẹ́ fún yín, ọ̀pọ̀ wọn á sì ní kí ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn fún kéébù lọ́fẹ̀ẹ́, torí kéébù tuntun máa ń dẹ̀. Bí 380 bá pọ̀ jù, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tó ń tún àlòkù ṣe dáadáa tà, ẹ béèrè ládùúgbò yín. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ fi kírẹ́díìtì káàdì sanwó bí ẹ bá ní in. Tí ọjà bá ju pọ́n-ùn 100 lọ tí kò sì ju 30,000 lọ, ilé iṣẹ́ káàdì náà á jọ dá yín lóhùn pẹ̀lú ẹni tó tà á bí ọjà náà bá bàjẹ́. Débíìtì ni èmi fi san, ẹ wò mí.

Lẹ́tà mi ti wà nílẹ̀, ìwé oníkẹ̀kẹ́ àti rìsíìtì wà nínú rẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ò tíì pé. Lọ́jọ́ Sátidé mò ń padà lọ bá mánéjà yẹn, mi ò sì ní dá lọ. Ẹni tó bá ní mọ́tò tó lè gba kẹ̀kẹ́ ní agbègbè Moss Side, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi kó tó di alẹ́ Ẹtì, pẹ́dà kejì náà ti já báyìí, bọ́ọ̀sì ò sì ní gbà á.